Wọ́n ní kò sí nǹkan nínú ìfun Bàbá mi, ṣùgbọ́n ìwé èsì ní inú wọn kò mọ́. Ṣé ká tún un ṣe?

ỌmọTíṣà_Òṣogbo
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ìjẹta.

Ẹni ọdún 63 ni Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti tó oṣù méje tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Jẹ̀dí la pè é. Wọ́n mu àgbo jẹ̀dí, wọ́n jáwọ́ nínú ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ náà á lọ, á tún padà wá. Nígbà tó yá, ojú wọn funfun, wọ́n ń mí hẹlẹ tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin tí wọ́n rà ní kẹ́mísìtì. Ìgbà yẹn ni èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi dá owó jọ, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì ṣe colonoscopy fún wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi okùn oníkámẹ́rà gba ìdí wọlé láti wo ìfun ńlá.

Dókítà jáde, ó ní, "Kò sí nǹkan burúkú, jẹ̀dí díẹ̀ ni." A dúpẹ́, a wálé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ka ìwé èsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìfun kò mọ́ tó, àti pé ibi tí ìfun ti ṣẹ́ kọ́nà lábẹ́ ẹ̀dọ̀ ni kámẹ́rà dé kí wọ́n tó fà á padà. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé ká padà wá. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé: inú dọ̀tí, wọn ò sì dé òpin, báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé kò sí nǹkan?

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọmọ Tíṣà. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí gan-an ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 14 sẹ́yìn, ẹ ò sì ṣìnà rárá. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ dá mi lóhùn: kí ni Bàbá jẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú? Aago mélòó ni wọ́n mu oògùn ìfọnú, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mu ún tán? Aago mélòó ni wọ́n tó wọlé? Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n dá a dúró?

ỌmọTíṣà_Òṣogbo
Ẹ ṣé, Mà. Wọ́n jẹ àmàlà àti ewédú lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mu gbogbo oògùn náà tán pátápátá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ní ká wá, ṣùgbọ́n kò síná, jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣe wọ́n ségesège, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tó pè wọ́n wọlé. Oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n lò ó títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé kí wọ́n dá a dúró.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Áà. Gbogbo rẹ̀ ti yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n yàrá wa. Ìfun tó mọ́ máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán bíi inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, ẹ óò máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lára rẹ̀ bí ìlà ara ewé. Èyí tí kò mọ́ dà bí ìgbà téèyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò lásìkò òjò. Ewédú á lẹ̀ mọ́ ara ìfun pẹ́pẹ́. Kóró ata á lọ há sí ihò tí a fi ń fa omi, a ó fa okùn jáde, a ó fi omi tì í, a ó tún un tì bọlé, àsìkò sì ń lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin tún máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ṣáájú.

Nǹkan tí à ń wá ni pólípì, ẹran kékeré tó máa ń hù sára ìfun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yí padà. Ẹni tó bá rí i tó gé e kúrò ti dènà jẹjẹrẹ náà. Ṣùgbọ́n òmíràn pẹlẹbẹ, kò ju èékánná ọmọ-ìka lọ. Abẹ́ ewédú yẹn ló máa wà.

Ti aago ló burú jù. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dé aago méjì ọ̀sán, wákàtí 21 nìyẹn. Ìfun kékeré kì í sùn. Gbogbo òru ló ń da omi òróòro tó ki wá sínú ìfun ńlá, apá ọ̀tún ló sì kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ẹni tó mu oògùn tán nírọ̀lẹ́, apá ọ̀tún rẹ̀ á ti tún dọ̀tí kílẹ̀ tó mọ́. Bó ṣe yẹ ni kí wọ́n pín oògùn sí méjì: ìdajì lálẹ́, ìdajì tó kù ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú àyẹ̀wò, kí wọ́n sì mu ún tán ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú.

Ẹ wo ìwé yẹn bóyá ẹ máa rí máàkì tí wọ́n ń pè ní Boston níbẹ̀. A máa ń pín ìfun ńlá sí mẹ́ta, ọ̀tún, àárín àti òsì, a ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 dé 3. Apá tí kò bá gba 2, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ti wo ibẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí: ẹ tún un ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ojú wọn sì ti funfun.

Bàbá_Ìṣègùn_Ìkirè
Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí egbòogi. Bàbá rẹ rí ẹ̀jẹ̀, dókítà fẹnu ara rẹ̀ pè é ní jẹ̀dí, kí lẹ tún ń wá? Ẹ ò rí i pé owó lẹ fẹ́ tún lọ dà síbẹ̀? Jẹ̀dí kì í lọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ ní sùúrù fún àgbo.

Dókítà_Ọ̀dọ́_Ìbàdàn
Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Ẹ má bínú pé mo fèsì, mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń kà á ṣì í mú ni.

Jẹ̀dí ń ṣẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni. Jẹjẹrẹ ìfun náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ní kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìgbẹ́. Ènìyàn sì lè ní jẹ̀dí kó tún ní nǹkan mìíràn lókè rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ti Memorial Sloan Kettering, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ní New York, ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí jẹjẹrẹ ìfun nílẹ̀ wa ó lé lọ́dún 10, ohun tó sì ń bà wá nínú jẹ́ jù ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni kì í tètè wá, ó ti máa ń ràn ká kí a tó rí wọn. Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní àwọn ti ń wo jẹ̀dí láti èṣí. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tó ogójì ọdún wà lára wọn.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tọ̀ yín wá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń rù, tàbí tójú rẹ̀ funfun, ẹ darí rẹ̀ sí wa. Ẹ óò gba ẹ̀mí là.

Ọmọ Tíṣà, mo gbà pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ pé kí ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò ti bá wọn lọ délé. Bí wọ́n ṣe tò ó, àfi bí ẹni pé Bàbá ló ba àyẹ̀wò jẹ́. Ta ló kọ́ Bàbá? Ta ló sọ fún un pé kó jáwọ́ nínú ewédú àti oògùn ẹ̀jẹ̀? Ta ló ní kó wá láago mẹ́jọ tó wá gbé e jókòó di aago méjì? Ilé ìwòsàn ló ni ẹ̀bi yẹn. Bí ìwé ìlànà wa ṣe máa ń rí ni: ojú ìwé kan, Gẹ̀ẹ́sì gbogbo rẹ̀, a ó tì í bọ aláìsàn lọ́wọ́ pẹ̀lú rìsíìtì.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Dókítà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo gbà á. Mi ò ní í lọ́kàn láti di ẹ̀bi ru Bàbá. Ìyá kan wá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti po oògùn náà pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná torí wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn. Ọmọ tó mú wọn wá ló ka ìwé náà, kò sì yé òun náà. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà_Ọ̀dọ́_Ìbàdàn
Mo fẹ́ fi ti dídé òpin kún un, torí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìfun ńlá kì í ṣe páìpù tó nà tàntàn. Apá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì máa ń rọ̀, ó ń lọ́ kiri. Ẹ̀ ń ti okùn, dípò kó lọ síwájú, ńṣe ló ń ká sínú ikùn, inú á wú, aláìsàn á fẹ́ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní í tì í tipátipá. Á fà á sẹ́yìn kó lè nà, á yí aláìsàn sẹ́yìn tàbí sápá kejì, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ tẹ ikùn níbi tó ti ń ká, á tún wá rọra wọlé. Obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ fún, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn, ẹni tí ìgbẹ́ máa ń le mọ́, iṣẹ́ tiwọn máa ń le sí i. Afẹ́fẹ́ náà ní ipa tirẹ̀: ibi tí wọ́n bá ti ń lo carbon dioxide dípò afẹ́fẹ́ lásán, ara tètè ń fà á mu, inú kì í wú pẹ́.

Òpin ni ibi tí ẹnu apẹ́ńdíìsì wà, níbi tí ìfun kékeré ti ṣí sínú ìfun ńlá. Dókítà gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ibẹ̀. Kárí ayé, ohun tí wọ́n ń retí ni pé nínú ènìyàn 100, kí dókítà dé òpin lára 90 ó kéré tán, kó tó 95 tó bá jẹ́ àwọn tí ara wọn yá tó kàn wá yẹ ara wọn wò. Tí Bàbá ò bá ní fọ́tò apẹ́ńdíìsì nínú ìwé rẹ̀, wọn ò tíì wo gbogbo ìfun rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọ̀ wa ní England, wọ́n máa ń fi ohun èlò kékeré kan ránṣẹ́ sílé fún ẹni ọdún 50 sí 74, ọdún méjì-méjì, ẹ óò fi ìgbẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ óò dá a padà, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí. Tèmi gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n sì pè mí fún colonoscopy.

Nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù kí ọjọ́ náà tó pé. Ó béèrè gbogbo oògùn tí mo ń lò, ó ka oúnjẹ fún mi, ó ní kí n tún àwọn aago náà sọ padà fún òun. Ìpè yẹn ló ṣe mí lóore jù. Nígbà tí mo sì parí, fọ́tò ẹnu apẹ́ńdíìsì mi wà nínú ìwé èsì, wọ́n kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n fi wò mí sí i. Mi ò mọ ohun tó wà fún nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ ń là mí lójú lónìí.

Káyọ̀dé_Houston
Ìṣẹ́jú tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Dókítà kì í wá pólípì nígbà tó ń ti okùn wọlé. Ìgbà tó bá ń fà á bọ̀ ló ń wò ó, kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fà á bọ̀ wàràwàrà ò lè rí nǹkan. Ìwádìí kan jáde ní 2006 láti Rockford ní ìpínlẹ̀ Illinois lórí dókítà 12. Àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fà á bọ̀ rí pólípì tó lè di jẹjẹrẹ lára 28.3% àwọn tí wọ́n wò, àwọn tó ń kánjú rí i lára 11.8% péré. Ìlú kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ o! Láti ìgbà náà ni ìṣẹ́jú mẹ́fà ti di òdiwọ̀n. Ní 2024, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ìfun ní Amẹ́ríkà sún un sí mẹ́jọ.

Iye ènìyàn tí dókítà ń rí irú pólípì yẹn lára wọn nínú 100 ni òṣùwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù. Ìwádìí ńlá kan ní California, tó jáde ní 2014, wo dókítà 136 àti àyẹ̀wò tó lé ní 314,000. Ẹni tó kéré jù ń rí i lára 7.4%, ẹni tó pọ̀ jù 52.5%. Bí iye tí dókítà kan ń rí yìí bá fi 1% lọ sókè, ewu pé aláìsàn rẹ̀ á ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà ń fi 3% wálẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo pe ọ́fíìsì dókítà mi, mo béèrè iye tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi láìjanpata. Òdiwọ̀n wọn níbí fún ẹni ọdún 45 sókè jẹ́ 35% báyìí, 25% ni tẹ́lẹ̀.

Ọdún 43 ni Chadwick Boseman, òṣèré yẹn, nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2020. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà sún ọjọ́ orí àyẹ̀wò láti 50 sí 45. Àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má jẹ́ ká fi ṣeré.

Alákàrà_Ọjà_Ọba
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ oúnjẹ náà lédè tí àwa onílé oúnjẹ máa gbọ́. Kí ni kéèyàn jẹ, kí ni kó fi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Ìyá mi, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi ewédú, ilá, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ọsàn àti gọ́bà sílẹ̀. Ata àti tòmátò, kóró wọn ló ń dà wá láàmú, torí náà ẹ dín ọbẹ̀ kù. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin, ẹja, adìyẹ, gbogbo ìyẹn dára. Ọjọ́ tó ṣáájú, nǹkan olómi tí ẹ lè rí ìdí kọ́ọ̀bù nínú rẹ̀ nìkan: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí ẹ sẹ́, Sprite, omi oyin. Ẹ má mu zobo tàbí nǹkan pupa, á dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi.

Ẹ ò gbọdọ̀ dá ra oògùn ìfọnú fúnra yín. Òmíràn tó ní sodium phosphate lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí yóò ṣe lò wọ́n.

Dókítà_Ọ̀dọ́_Ìbàdàn
Kí n fi kan kún un, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ọwọ́ máa ń rẹ̀, ojú náà máa ń rẹ̀. Ẹni kẹsàn-án lọ́jọ́ kan kì í gba irú sùúrù tí ẹni àkọ́kọ́ gbà. Ibi tí okùn kan ṣoṣo bá wà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹlòmíràn tó lò ó, tí jẹnẹrétọ̀ ń jó epo, gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ kánjú. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi Bàbá sí ẹni àkọ́kọ́ tàbí ẹnì kejì.

ỌmọTíṣà_Òṣogbo (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún)
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

A lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Mo bá nọ́ọ̀sì wọn sọ̀rọ̀ tẹ̀lé ohun tí ẹ kọ́ mi, wọ́n fi Bàbá sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹni kejì. Wọ́n mu ìdajì oògùn láago méje alẹ́. Láago mẹ́rin ìdájí mo jí wọn. Kò síná. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé orí tábìlì, mo bu oògùn náà láti inú kúlà, torí tó bá tutù kì í ríni lára tó bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀bù kẹta, Bàbá gbé e sílẹ̀, wọ́n ní ó tó. Màmá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn gbé kọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń dì í mú sí ẹnu wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lómi. Wọ́n mu ún tán. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà ààbọ̀, ohun tó ń jáde mọ́ bí ìtọ̀, Bàbá fúnra wọn ló pè mí pé kí n wá wò ó.

Dókítà náà fi fọ́tò apẹ́ńdíìsì hàn mí. Máàkì 8 nínú 9. Pólípì méjì ló rí, méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ní ìkọjá ibi tí ti àkọ́kọ́ dúró. Ọ̀kan kéré. Ìkejì pẹlẹbẹ, mìlímítà 12. Ó fi wáyà gé wọn lójú ẹsẹ̀. Èsì láàbù dé lánàá: kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ká padà wá lọ́dún mẹ́ta. Jẹ̀dí náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń tọ́jú ìyẹn lọ́tọ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo sunkún nínú mọ́tò.

Bàbá_Ìṣègùn_Ìkirè
Ọmọ mi, mo bá ọ yọ̀ gidigidi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń mu àgbo jẹ̀dí láti oṣù Ògún. Mo ti ní kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Adéọlá_Abẹ́òkúta
Ẹ kú oríire o. Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ti ìyá mi. Ẹni ọdún 71, wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọn ò sì lè kàwé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin wà nínú èyí tí wọ́n ń lò.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Adéọlá, ẹ ká oògùn ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lónìí. Ti àtọ̀gbẹ, ẹ pe dókítà wọn lọ́la, kí ó sọ èyí tí wọ́n máa dá dúró àti ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ padà, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ bá ilé ìwòsàn sọ ọ́ kí wọ́n fi wọ́n sí àárọ̀ kùtù, kí ebi má baà pa wọ́n pẹ́. Mo ti ka gbogbo ìlànà náà sórí fóònù mi lédè Yorùbá, ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí kí n fi ṣọwọ́, ẹ gbé e sétí ìyá. Lálẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹnì kan sùn sínú yàrá wọn, kí ẹ sì tan àtùpà sí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n á dìde tó ìgbà mẹ́wàá, mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣubú.